Kámẹ́rà Ojú Pópó àti Àṣẹ Ìjọba Ìbílẹ̀: Ohun tí Ó Yẹ kí Olùgbé Ìpínlẹ̀ Èkó Mọ̀

Kámẹ́rà ojú pópó ni ẹ̀rọ tí a gbé sí ìkóríta, orí afárá tàbí ẹ̀gbẹ́ títì láti ya àwòrán ọkọ̀ tí ó bá rú òfin ìrìnnà. Ó máa ń ka nọ́ńbà ọkọ̀, ó sì máa ń ṣe àkọsílẹ̀ ọjọ́, wákàtí àti ibi tí ìṣẹ̀lẹ̀ náà ti wáyé. Ẹni tí ọkọ̀ wà lórúkọ rẹ̀ ni a máa ń fi ìwé ìtanràn ránṣẹ́ sí. Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí dáhùn ni pé: ǹjẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lè lo irú ẹ̀rọ yìí láti fi ìyà òfin jẹ awakọ̀?

Ohun tí òfin Nàìjíríà wí

Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 pín iṣẹ́ fún ìpele ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìjọba àpapọ̀ nìkan ni ó ní àṣẹ láti ṣòfin lórí ìrìnnà ọkọ̀ ní àwọn ọ̀nà ńláńlá tí ó jẹ́ tirẹ̀. Àtẹ Kẹrin ìwé òfin náà ka iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: títọ́jú títì àdúgbò, iná ojú títì àti gọ́tà, àbójútó ọjà àti ibùdókọ̀, sísọ òpópónà lórúkọ, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí gbígba owó ìtanràn lọ́wọ́ awakọ̀ tí ó já iná pupa nínú wọn. Ṣùgbọ́n àtẹ náà fi àyè sílẹ̀ fún Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ láti fi iṣẹ́ mìíràn kún un.

Ìtumọ̀ èyí ni pé alága ìjọba ìbílẹ̀ kò lè dá kámẹ́rà gbé kalẹ̀ kí ó sì máa gba owó ìtanràn láìsí òfin ìpínlẹ̀ tí ó fún un láṣẹ. Ní Èkó, ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ni àjọ LASTMA, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2000, òun náà ni ó sì ni àwọn òṣìṣẹ́ VIO.

Àpẹẹrẹ láti ilẹ̀ òkèèrè

Ní ilẹ̀ England, òfin ìṣàkóso ìrìnnà kan ti wà láti ọdún 2004, ṣùgbọ́n ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2022 ni apá tí ó kan ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí kò sí ní London. Ìjọba ìbílẹ̀ tí ó bá fẹ́ àṣẹ náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu àwọn ará ìlú, kí ó tó tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ wọn. Fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ tí kámẹ́rà bá dé ibì kan, ìwé ìkìlọ̀ ni ẹni tí ó ṣẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ yóò gbà. Yíyà sí ibi tí a kà léèwọ̀ àti dídí ìkóríta wà lára ohun tí àṣẹ náà kàn. Eré àsápajúdé kò sí níbẹ̀, ọlọ́pàá ni ó ni ìyẹn.

Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, òfin tí gómìnà fọwọ́ sí ní ọdún 2023 fún ìlú mẹ́fà, tí Los Angeles àti San Francisco wà lára wọn, láyè láti dán kámẹ́rà eré sísá wò. Nọ́ńbà ẹ̀yìn ọkọ̀ ni wọ́n ń yà, kì í ṣe ojú awakọ̀. Owó ìtanràn tí ó kéré jù jẹ́ dọ́là 50.

Àǹfààní àti ewu

Òṣìṣẹ́ kò lè dúró sí gbogbo ìkóríta lọ́sàn-án àti lóru. Kámẹ́rà lè ṣe é, kì í sì í bá awakọ̀ fa ìjà, kì í gba rìbá. Níwájú ilé ìwé àti ọjà, ó lè dá ẹ̀mí sí.

Bí kò bá sí òfin tí ó yè kooro, ẹ̀rọ yìí kan náà lè di ọ̀nà ìpawó lásán. Àwọn àgbà ní: a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dájọ́, àgbà òṣìkà. Abala 36 ìwé òfin wa fún ẹni tí a fẹ̀sùn kàn ní ẹ̀tọ́ sí ìgbẹ́jọ́ òdodo. Abala 37 dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè. Òfin ìdáàbòbò dátà ti ọdún 2023 sì kan àwòrán àti àkọsílẹ̀ tí kámẹ́rà bá gbà. Nítorí náà, òfin tí yóò fún ìjọba ìbílẹ̀ láṣẹ gbọ́dọ̀ sọ ibi tí owó yóò máa lọ, iye ọjọ́ tí a ó fi pa àwòrán mọ́, àti ibi tí ọlọ́kọ̀ lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sí.

Ohun tí ọlọ́kọ̀ lè ṣe nísinsìnyí

• Bí ẹ bá ra ọkọ̀ àlòkù, ẹ tètè yí ìwé rẹ̀ padà sí orúkọ yín. Bí ẹ bá ta ọkọ̀, ẹ rí i pé ẹni tí ó rà á ṣe bẹ́ẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹlòmíràn ṣẹ̀ lè wá bá yín nílé.
• Ẹ jẹ́ kí nọ́ńbà ọkọ̀ yín mọ́, kí ó sì hàn ketekete.
• Ẹ máa wo ọjọ́, àkókò, ibi ìṣẹ̀lẹ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀ lórí ìwé ìtanràn kí ẹ tó sanwó.
• Ẹ má ṣe san owó ìtanràn sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ béèrè òfin tí ó gbé e kalẹ̀, kí ẹ sì gba rìsíìtì.
• Bí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin bá pe ìpàdé ìtagbangba lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ lọ sọ èrò yín níbẹ̀.