Ẹ̀rí Ẹnu Eyín: Oúnjẹ Ẹ̀dá Àtijọ́ tí Wọ́n Pè ní Afeyínpakùrọ́

Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje ọdún 1959, Mary Leakey rí agbárí kan ní Olduvai, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tanzania lónìí. Ẹni tó ni agbárí náà ti wà láyé ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.75 ọdún sẹ́yìn. Paranthropus boisei ni àwọn onímọ̀ ń pe irú rẹ̀ báyìí. Eyín ẹ̀yìn rẹ̀ tóbi, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, egungun àgbọ̀n rẹ̀ sì ki. Kí ni irú ẹ̀dá báyìí ì bá máa jẹ bí kì í bá ṣe ohun líle? Bí wọ́n ṣe fún un ní ìnagijẹ tí a lè túmọ̀ sí Afeyínpakùrọ́ nìyẹn. Ìrísí eyín nìkan ni wọ́n gbé ìtàn náà kà.

Ọ̀nà mìíràn wà tí a lè fi bi eyín léèrè, kò sì ṣòro láti ṣàlàyé ní kíláàsì. Gbogbo ewéko ló ń fa kábọ̀n láti inú afẹ́fẹ́. Kábọ̀n 12 ló pọ̀ jù. Kábọ̀n 13, tó wúwo jù ú lọ díẹ̀, kò tó nǹkan. Igi, iṣu, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà kì í gba 13 tó bí àgbàdo, ọkà bàbà, ìrèké àti ọ̀pọ̀ koríko ọ̀dàn ti ń gbà á. (Iṣu àti àgbàdo ni kí olùkọ́ fi bẹ̀rẹ̀, òǹkà lè dúró ná.) Ohun tí ẹranko bá jẹ nígbà tí eyín rẹ̀ ń dàgbà a wọ inú èèpo funfun líle tó bo eyín, a sì wà níbẹ̀. Egungun a máa fa nǹkan mọ́ra láti inú ilẹ̀, ẹ̀rí rẹ̀ a sì dàrú. Èèpo eyín kì í tètè yí padà.

Ọ̀nà yìí ni Thure Cerling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbà fi hàn ní 1997 pé láàárín mílíọ̀nù 8 sí 6 ọdún sẹ́yìn, koríko ọ̀dàn gbilẹ̀ nínú oúnjẹ àwọn ẹranko ajewéko ní Pakistan, Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Amẹ́ríkà.

Ní 2011, òun, Emma Mbua ti Kenya àti àwọn mìíràn yẹ eyín 24 Afeyínpakùrọ́ wò, láti ara ẹ̀dá 22. Nǹkan bí ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún oúnjẹ wọn ló wá láti ìdílé koríko! Ẹ̀dá tí a ní ó ń fọ́ ekùrọ́ ń bá ẹṣin, ẹlẹ́dẹ̀ igbó àti erinmi du oúnjẹ kan náà. Kódà ní 2008, àwọn tó fi ẹ̀rọ amúǹkantóbi wo ojú eyín rẹ̀ kò rí àpá tí fífọ́ ohun líle máa ń dá síbẹ̀. Ìwé tí a fi ń kọ́ olùkọ́ tó bá ṣì ń tún ìtàn 1959 kọ nílò àtúnṣe.

Síbẹ̀, èèpo eyín kì í dárúkọ oúnjẹ; ìdílé rẹ̀ ló ń sọ. Bóyá ewé koríko ni, tàbí gbòǹgbò koríko etí odò, ibẹ̀ ni àríyànjiyàn àwọn onímọ̀ wà báyìí.