Kí Ọdẹ Tó Ta Ọfà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tí ó ro ìyà, bí ó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìyà ọjọ́ tí ẹran kú ni òwe yìí ń sọ. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ìlú Afijió, láti Fìdítì títí dé Ìlọrà, wàhálà ọdẹ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí ẹran tó ṣubú.

Ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ni àwọn ìlú wọ̀nyí wà, níbi tí igbó ti ń pàdé ọ̀dàn. Bí ọyẹ́ bá dé ní nǹkan bí oṣù kọkànlá, koríko a gbẹ, odò kéékèèké a fà, àgbọ̀nrín àti ẹtu kì í sì í fẹ́ jìnnà sí ibi tí omi ṣẹ́kù. Bí iná bá ti jó pápá tán, ọ̀mùnú koríko tí ó bá hù lẹ́yìn rẹ̀ a máa fa ẹran wá. Ìdí nìyí tí ọdẹ fi ń retí ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọrun àti ọfà ni ó kọ́ àwọn baba wa ní sùúrù yìí. Ọfà kì í lọ jìnnà. Ẹni tí yóò ta á gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹran. Nítorí náà, ọdẹ a kọ́kọ́ lọ wo etídò ní ìdájí. A wo ipasẹ̀ bóyá ó tutù tàbí ó ti gbẹ, a wo ìgbẹ́ ẹran, a wo ewé tí ẹnu ti já. A mọ ibi tí atẹ́gùn ń gbà, kí òórùn ara rẹ̀ má baà ṣáájú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó so ẹ̀gùn sórí igi tí yóò ti lúgọ. Nílé, a pààrọ̀ ọsán ọrun, a fi oró sí ọfà, a bọ Ògún. Oró kì í sì í pa ẹran lójú ẹsẹ̀. Ọdẹ tí kò bá mọ ọ̀nà tí ẹran ń gbà sá yóò pàdánù rẹ̀.

Ìbọn yí èyí padà. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1921, sọ pé àwọn Ìjẹ̀bú ti ní ìbọn nígbà ogun Òwu, nígbà tí àwọn Òwu gbójú lé àgédèǹgbé. Ohun ogun ni ìbọn kọ́kọ́ jẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó di ohun èlò ọdẹ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni fìtílà kábáàdì dé iwájú orí ọdẹ òru, lónìí ó ti di tọ́ọ̀ṣì. Igbó náà dín kù: ní nǹkan bí ọdún 1960 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá ibùdó àgbẹ̀ sílẹ̀ ní Ìlọrà, ọsàn àti ọ̀pẹ̀yìnbó sì ti gba ilẹ̀ ní Fìdítì.

Nígbà èwe mi, ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan mú mi lọ wo ipasẹ̀ lẹ́bàá odò kan lẹ́yìn Fìdítì. Ó bu eérú, ó jẹ́ kí ó dà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Ó wá fi ẹsẹ̀ ẹran méjì hàn mí nínú ẹrẹ̀, ọ̀kan ńlá, ọ̀kan kékeré tí ó ń tẹ̀ lé e. Ó ní abo ni, ó ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́. A kò padà síbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà. Inú bí mi, nítorí ẹran ni mo fẹ́ jẹ.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà. Tọ́ọ̀ṣì a máa fi ojú ẹran han ọdẹ, ojú méjì tí ń tàn nínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n kò lè sọ fún un bóyá akọ ni tàbí abo tí ó ń tọ́ ọmọ. Ẹrẹ̀ etídò sọ fún wa. Ìjọba ti sọ igbó Ọ̀yọ́ Ilé di ọgbà ẹranko ti orílẹ̀-èdè láti ọdún 1991, ṣùgbọ́n ọgbà náà jìnnà sí Fìdítì. Nínú igbó kékeré tí ó ṣẹ́kù láàárín oko wa, ojú ọdẹ ni ẹ̀ṣọ́. N kò sọ pé kí a da ìbọn nù, kí a tún gbé ọrun. Ohun tí mo ń bẹ àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wo etídò ní ìdájí, gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó ń ta ọfà ti ń ṣe.