Ọmọ Tí A Kọ́, Ilé Tí A Kọ́: Ìtàn Ilé Rudolph ní Yale

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìlú New Haven, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, fi òdì kejì òwe yìí hàn wá. Ọmọ tí a kọ́ ni ó padà wá tún ilé olùkọ́ rẹ̀ ṣe.

Paul Rudolph ni olórí ẹ̀ka ìmọ̀ ilé yíyà ní Yunifásítì Yale láti ọdún 1958 títí di 1965. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ya ilé tí ẹ̀ka náà àti ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà yóò jọ máa lò, wọ́n sì ṣí i ní 1963. Kọnkéré ni wọ́n fi kọ́ ọ. Wọ́n da ògiri rẹ̀ ní ìlà-ìlà, àwọn òṣìṣẹ́ sì fi òòlù fọ́ etí ìlà kọ̀ọ̀kan kí ara ògiri má baà dán. Nínú ilé, bí ilẹ̀ ti ń ga níhìn-ín ni ó ń rẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, tó bẹ́ẹ̀ tí ìpele rẹ̀ lé ní 30.

Àwọn ènìyàn kọ́kọ́ yìn ín gidigidi. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń lò ó ráhùn: oòrùn ń mú inú ilé gbóná, àyè àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kun àwòrán sì há. Ní oṣù kẹfà ọdún 1969, iná jó ilé náà. Àhesọ pọ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó dáná sun ún, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Àtúnṣe tí ó tẹ̀ lé e kò gba ti Rudolph rò rárá: wọ́n fi ògiri gé àwọn gbọ̀ngàn gbàràmù sí yàrá kéékèèké. Rudolph kú ní 1997 láì rí i kí ilé náà padà bọ̀ sípò.

Charles Gwathmey, tí ó jáde ní Yale ní 1962, jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Rudolph. Òun ni yunifásítì gbé iṣẹ́ àtúnṣe fún. Ó wó àwọn ògiri àfikún náà, ó dá àwọn fèrèsé fífẹ̀ padà, ó sì fi ẹ̀rọ amúlétutù sí i. Ó wá kọ́ ilé tuntun mọ́ ọn fún ẹ̀ka ìtàn iṣẹ́ ọnà, ẹ̀ka tí Robert Farris Thompson ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni nípa iṣẹ́ ọnà Yorùbá. Ní 2008 ni wọ́n ṣí méjèèjì, wọ́n sì fi orúkọ Rudolph pe ilé àtijọ́. Ní ọdún kejì ni Gwathmey náà kú.

Àwọn lámèyítọ́ yin àtúnṣe náà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn bu ẹnu àtẹ́ lu ilé tuntun, tí a fi síǹkì àti òkúta bò lára. Ìyẹn pàápàá jẹ́ ẹ̀kọ́: títún ilé ṣe àti fífi kún un kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹni tí ń tún un ṣe gbọ́dọ̀ mọ èrò ẹni tí ó kọ́ ọ; ẹni tí ń fi kún un gbọ́dọ̀ ní èrò tirẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, kí a tó fi búlọ́ọ̀kù dí ihò atẹ́gùn lára ògiri ilé-ẹ̀kọ́ àtijọ́ kan, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè ìdí tí ẹni tí ó kọ́ ọ fi dá a sí bẹ́ẹ̀.