Ọ̀nà Èkó àti Àdéhùn Tí Ó Já Kulẹ̀ ní Odò Ọya, 1857 sí 1858

Ní 1857, Macgregor Laird bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn láti máa fi ọkọ̀ ná Odò Ọya, kí ìjọba sì máa san owó ìrànwọ́ fún un. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, ọkọ̀ Dayspring fọ́ nítòsí Jẹ́bà. Sunbeam tí ó yẹ kí ó rọ́pò rẹ̀ kò dé títí ó fi tó nǹkan bí ọdún kan. Kí ni Baikie, Crowther àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ṣe? Glover gba orí ilẹ̀ Yorùbá lọ sí Èkó láti wá ohun èlò. Ní 1858, May náà rin ilẹ̀ Yorùbá àti Tápà. Èyí fi hàn pé níbi tí ìwé àdéhùn ti kùnà, ọ̀nà àwọn oníṣòwò wa ni ó gbà wọ́n. Ó yẹ kí olùkọ́ ìtàn fi èyí yé akẹ́kọ̀ọ́.