Ọwọ́ Òǹkọ̀wé Ìtàn Àròsọ Nínú Àwòrán Èèpo Ìwé

Ìfáàrà
Ilé ìtẹ̀wé ló sábà máa ń gbé iṣẹ́ fún ayàwòrán, òun náà ló ń sanwó, nítorí náà òun ló ni àṣẹ lórí èèpo ìwé. Síbẹ̀, àwọn òǹkọ̀wé kan kì í dákẹ́. Iṣẹ́ yìí yẹ ọ̀nà mẹ́ta wò tí wọ́n ń gbà dá sí i: kíkọ ohun tí wọn kò fẹ́ sílẹ̀, yíya àwòrán fúnra wọn, àti gbígba àwòrán wọ inú ìtàn. Èrò wa ni pé ti àkọ́kọ́ ló múnádóko jù.

Kíkọ̀
Ní oṣù kẹwàá ọdún 1915, Franz Kafka gbọ́ pé Ottomar Starke ni yóò yàwòrán sí Die Verwandlung, ìtàn Gregor Samsa tó jí láàárọ̀ tó rí i pé òun ti di kòkòrò. Àyà Kafka já. Ó kọ lẹ́tà sí ilé ìtẹ̀wé Kurt Wolff pé kí wọ́n má ya kòkòrò náà rárá, ì báà jẹ́ láti òkèèrè. Ó wá dábàá ohun tí wọ́n lè yà: àwọn òbí Gregor àti àbúrò rẹ̀ obìnrin nínú yàrá tí iná wà, kí ilẹ̀kùn ṣí sí yàrá kejì tó ṣókùnkùn biribiri. Nígbà tí ìwé jáde, ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù ilé, tó fọwọ́ bojú, tó ń kúrò nídìí ilẹ̀kùn ni Starke yà. Òkùnkùn nìkan ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà. Àwọn àgbà ní kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ. Ní ti Kafka, kì í ṣe gbogbo ohun tí ẹnu sọ ló yẹ kí ojú rí.

J. D. Salinger le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ kò dùn sí àwòrán ara ẹ̀dà olówó pọ́ọ́kú The Catcher in the Rye tó jáde ní 1953. Nígbà tó yá, àkọlé ìwé àti orúkọ rẹ̀ nìkan ló ń gbà láyè.

Yíyà fúnra ẹni
J. R. R. Tolkien ló ya èèpo The Hobbit (1937) fúnra rẹ̀: òkè, igbó àti dírágónì, tí lẹ́tà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní runes yí etí rẹ̀ ká. Ó fẹ́ kí oòrùn àti dírágónì náà pupa, ṣùgbọ́n àwọ̀ kan sí i yóò gbówó lórí ìtẹ̀wé. Dúdú, búlúù àti àwọ̀ ewé ni wọ́n lò. Pupa di àwátì.

Gbígba àwòrán wọ ìtàn
Ní 1924, kí The Great Gatsby tó parí, F. Scott Fitzgerald kọ̀wé sí olóòtú rẹ̀, Maxwell Perkins, pé kó má fún ẹlòmíràn ní èèpo tó ń tọ́jú de òun, torí òun ti kọ ọ́ wọ inú ìwé. Francis Cugat ló ya èyí tó jáde ní 1925: ojú méjì àti ètè pupa, láìsí imú, lókè iná ìlú lálẹ́. Àwọn kan ní ibẹ̀ ni ojú Dókítà Eckleburg tó wà lára pátákó ìpolówó nínú ìtàn náà ti wá. Àwọn mìíràn kò gbà, nítorí Cugat ya ju ẹyọ kan lọ kó tó parí rẹ̀, kò sì dájú èyí tí Fitzgerald rí nínú wọn.

Àgbálọgbábọ̀
Owó dín àwòrán Tolkien kù. Fitzgerald ní láti dúró de ohun tí ayàwòrán kọ́kọ́ yà. Ìkìlọ̀ Kafka kò ná ilé ìtẹ̀wé ní kọ́bọ̀, kò sì dí Starke lọ́wọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ìtàn fi pamọ́, ẹni tó fi í pamọ́ ló mọ̀ ọ́n. Òun ló yẹ kó tètè sọ fún ayàwòrán ibi tí kò gbọ́dọ̀ tan iná sí.