Ẹni Tó Jìn Sí Kòtò: Bí Ikú Orí Òkè Ṣe Bí Ẹ̀kọ́ Ìtọ́jú Pàjáwìrì fún Àwọn Olórí Àjò

Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ St John Ambulance sílẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1877, àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin àti àwọn awakùsà wà lára àwọn tí ẹ̀kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì rẹ̀ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀kọ́ náà kò ta kókó: kí wọ́n dá ẹ̀jẹ̀ dúró, kí wọ́n fi igi di eegun tó ṣẹ́, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ẹni tó fara pa títí dókítà yóò fi dé. Dídé dókítà yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí ìlú ni wọ́n ṣe é fún. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ lórí òkè tí ọkọ̀ kò lè gùn, tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, tí ìjì sì ń jà, ta ni yóò dé? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí ìdáhùn tó péye tó wà fún ìbéèrè yìí, ẹ̀mí ènìyàn ni wọ́n sì fi ra ìdáhùn náà.

Ohun tó sọ ìbéèrè náà di kànńpá ni pé àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ijù lọ́pọ̀lọpọ̀. Ní ọdún 1941, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, Kurt Hahn, olùkọ́ ọmọ Jámánì tó sá fún ìjọba Hitler, àti Lawrence Holt, oníṣòwò ọkọ̀ òkun, dá ilé-ẹ̀kọ́ Outward Bound sílẹ̀ ní Aberdovey, ní ilẹ̀ Wales. Wọ́n fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ atukọ̀ ní ìfaradà tí yóò gbà wọ́n là bí ọ̀tá bá ri ọkọ̀ wọn. Lẹ́yìn ogun, èrò náà tàn kálẹ̀. Àwọn olùkọ́ gbà pé òkè àti odò lè kọ́ ọmọ ní ohun tí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kò lè kọ́ ọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òtútù orí òkè kì í wojú ọmọdé.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1964, àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ Scout ń kópa nínú ìdíje ìrìn ọ̀nà jíjìn tí wọ́n ń pè ní Four Inns, lórí àwọn òkè Derbyshire ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òjò àti ẹ̀fúùfù ká wọn mọ́ ọ̀nà, mẹ́ta nínú wọn sì kú. Òtútù ló pa wọ́n. Griffith Pugh, onímọ̀ nípa ìṣiṣẹ́ ara tó bá àwọn tó gun òkè Everest lọ ní ọdún 1953, ṣe ìwádìí ikú náà. Ohun tó fi hàn ni pé aṣọ tí omi ti rin, tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ lù, kì í fi bẹ́ẹ̀ dáàbò bo ara mọ́, àti pé ẹni tí agbára rẹ̀ ti tán kò lè pèsè ooru tí ara rẹ̀ nílò. Irú ìmọ̀ yìí ló kọ́ àwọn olórí àjò láti máa ṣọ́ àwọn àmì kéékèèké: ahọ́n tó ń lọ́, ẹsẹ̀ tó ń kọ, ọwọ́ tí kò lè di bọ́tìnnì mọ́. Ẹni tó ń gbọ̀n ṣì ń jà fún ẹ̀mí ara rẹ̀. Bí kò bá gbọ̀n mọ́ nígbà tí òtútù kò tíì kúrò lára rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti burú.

Ní ọdún 1964 yìí kan náà ni wọ́n dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní Bìrìtéènì tí yóò máa dá àwọn olórí àjò orí òkè lẹ́kọ̀ọ́, tí yóò sì máa fún wọn ní ìwé-ẹ̀rí. Síbẹ̀, ìwé-ẹ̀rí kò fi òpin sí ikú. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1971, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 15 àti 16 láti Edinburgh gun òkè Cairngorm ní Scotland. Wọ́n pín sí ọ̀wọ́ méjì, ìjì yìnyín sì dé bá wọn. Àwọn tó lágbára jù dé ahéré kékeré kan tí wọ́n kọ́ sórí òkè fún ààbò. Ọ̀wọ́ kejì kò débẹ̀: akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà, olórí wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún 21, àti olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún 18. Òru méjì ni wọ́n lò nínú yìnyín ní gbangba. Nígbà tí wọ́n rí wọn ní ọjọ́ 22 oṣù náà, akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún àti olùrànlọ́wọ́ náà ti kú. Olórí wọn ń rákòrò lọ láti wá ìrànlọ́wọ́ nígbà tí hẹlikópítà rí i.

Ìwádìí tó wáyé ní ọdún 1972 dámọ̀ràn pé ẹni tó kúnjú ìwọ̀n ni kó máa darí àwọn ọmọ, kí wọ́n máa fọ̀ràn lọ àwọn tó mọ òkè náà dáadáa, kí wọ́n sì máa ṣe àlàyé tó kún fún àwọn òbí. Ahéré náà gan-an di àríyànjiyàn. Àwọn kan ní ó ń gba ẹ̀mí là. Àwọn mìíràn ní ìrètí àtidé ibẹ̀ ló ń tan ènìyàn wọ inú ewu. Ní ọdún 1975, wọ́n wó o. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò fara sin: ọgbọ́n tó wà lórí olórí àjò ni ààbò tó yẹ kí wọ́n gbójú lé.

Ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, Paul Petzoldt dá ilé-ẹ̀kọ́ NOLS sílẹ̀ ní Wyoming ní ọdún 1965, nítorí ó rí i pé àwọn olórí tó mọṣẹ́ ṣọ̀wọ́n. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, ilé-ẹ̀kọ́ SOLO ní New Hampshire bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní ìtọ́jú pàjáwìrì tí a dìídì ṣe fún ijù. Lónìí, ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ irú èyí máa ń gba nǹkan bíi wákàtí 16, èyí tó jinlẹ̀ sì máa ń gba nǹkan bíi 70 sí 80. Wọ́n ń kọ́ olórí láti kọ́kọ́ wo àyíká kó má baà di ẹni kejì tó fara pa. Lẹ́yìn náà ni yóò yẹ èémí àti ẹ̀jẹ̀ wò, yóò yẹ ara wò láti orí dé ẹsẹ̀, yóò sì máa kọ bí ọkàn ṣe ń lù sílẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Ó ń kọ́ bí a ṣe ń fi ẹní àti okùn di ẹsẹ̀ tó ṣẹ́, àti ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹni tó fara pa dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ lásán. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣòro jù nínú ẹ̀kọ́ náà kò nílò báńdéèjì rárá. Òun ni ìpinnu: ṣé kí wọ́n dúró ni, ṣé kí wọ́n gbé e lọ ni, àbí kí wọ́n ti padà sílé kí nǹkankan tó ṣẹlẹ̀?

Ìtàn yìí kò yọ Nàìjíríà sílẹ̀. Ní ọdún 1951, Alec Dickson dá ibùdó kan tó fara jọ Outward Bound sílẹ̀ ní Man O' War Bay, ní apá Kamẹrúùnù tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso pọ̀ mọ́ Nàìjíríà nígbà náà. Lẹ́yìn tí apá yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ Nàìjíríà, iṣẹ́ náà ń bá a lọ ní Shere Hills lẹ́bàá Jos àti ní Apapa. Orúkọ náà kò sì parẹ́: kò sí ẹni tó ti dé àgọ́ àwọn àgùnbánirọ̀ tí kò mọ Man O' War. Bí wọ́n ṣe gba ẹ̀kọ́ ìfaradà yẹn wọlé, ẹ̀kọ́ ìtọ́jú tó yẹ kó máa bá a rìn ṣe pàtàkì bákan náà.

Òkè Ìdànrè ní àtẹ̀gùn tó lé ní 600. Ẹni tó bá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ lókè rẹ̀, gbígbé ni wọ́n máa gbé e sọ̀ kalẹ̀. Àpáta ibi ìṣàn omi Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ń yọ̀. Òtútù kọ́ ni ewu níbẹ̀: oòrùn, ejò, omi àti ìṣubú ni. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ sì ń kó ọmọ lọ síbẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ọgbọ́n tí àwọn ọmọ Edinburgh fi ẹ̀mí wọn kọ́ ayé kò ju ìbéèrè mẹ́ta lọ, kí òbí sì bi ilé-ẹ̀kọ́ kó tó fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda: Ta ni olórí wọn? Kí ni ó lè ṣe fún ọmọ tó bá fara pa kí ìrànlọ́wọ́ tó dé? Irú ojú ọjọ́ wo, tàbí irú àárẹ̀ wo, ni yóò mú kó sọ pé ó tó, ẹ jẹ́ ká padà?