Owó Ìwọlé àti Ẹnu Òṣèré

Nígbà tí òṣèré bá fẹ́ gbé eré tuntun jáde, pàápàá eré tó fẹ́ sọ bí ipò àti ọlá ṣe ń gbe àwọn kan níjà, tí àwọn yòókù ń fi ẹ̀yìn wọn ru ẹrù rẹ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ta ni yóò gbówó kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ka èyí sí ọ̀rọ̀ ìnáwó lásán. Ìtàn eré nílẹ̀ Yorùbá fi hàn mí pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ: ibi tí owó ti wá ló ń pààlà ibi tí eré lè fẹnu kàn. Àwọn àgbà ní ọba kì í mú ọkọrin. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tí ọba ń bọ́ kò dúró dìgbà tí wọ́n bá mú un kó tó mọ orin tí kò ní kọ.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ Ilé ní 1826. Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, dé ààfin, Aláàfin sì ní kí àwọn eléégún alárìnjó ṣeré fún un. Wọ́n pidán, wọ́n gbé òjòlá jáde, lẹ́yìn náà ni ọ̀kan yọ lára aṣọ bí èèyàn funfun kan tó rù hangogo, bíi pé òtútù fẹ́ pa á. Ó ń fín áṣáà, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́, ó ń tẹlẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹsẹ̀ lásán rìn rí. Clapperton fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì gbà pé wọ́n mọ ìsínjẹ náà ṣe dáadáa. Ẹ̀fẹ̀ náà mú, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ẹni tí wọ́n fi ṣe é: àlejò ni. Níwájú ọba tó pè wọ́n, tí yóò sì ta wọ́n lọ́rẹ, èmi kò rò pé èèṣì ni pé òyìnbó ni wọ́n sín jẹ.

Ní Èkó ayé òyìnbó, ìjọ ló gba ipò ọba. Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn ìjọ àti ilé ìwé ti ń fi orin àti eré kówó jọ. Ìlànà yìí náà ni òṣèré Hubert Ògúndé bá nílẹ̀ ní oṣù kẹfà 1944, nígbà tó gbé eré ọgbà Édẹ́nì jáde ní gbọ̀ngàn Glover fún ìjọ Aládùúrà tó ń wá owó ilé ìjọsìn. Owó tíkẹ́ẹ̀tì wọlé, àpò ìjọ ló lọ, inú Bíbélì ni ìtàn sì ti wá. Ọdún kan péré lẹ́yìn náà ni ìyanṣẹ́lódì 1945 bẹ́ sílẹ̀. Ọjà ti gbówó lérí nítorí ogun, ìjọba ti fi àjẹmọ́nú kún owó àwọn òṣìṣẹ́ òyìnbó, ó sì kọtí ikún sí ẹ̀bẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú. Ògúndé sọ ọ̀rọ̀ náà di eré Strike and Hunger. Ìjọ wo ni ìbá fowó sí irú rẹ̀? Àwọn tó san owó ìwọlé ló gbé e dúró, ìyẹn àwọn èèyàn tí ebi inú eré náà ń pa. Lóòótọ́, àga iwájú wọ́n ju bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn lọ, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan ṣoṣo nínú gbọ̀ngàn tó lè dìde kó ní owó òun ni wọ́n fi ń ṣeré, nítorí náà kí wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà.

Ẹnì kan lè sọ pé owó ìwọlé kò gba òṣèré lọ́wọ́ aláṣẹ. Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n fòfin de Ògúndé ní Jos ní 1946, wọ́n tún fòfin dè é ní Kano ní 1950 nítorí Bread and Bullet, eré tó dá lórí àwọn awakùsà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ní Enugu. Ní 1964, ìjọba Akíntọ́lá, olórí ìjọba ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, lé e kúrò lórí ìtàgé ní gbogbo ẹkùn náà nítorí eré rẹ̀, Yorùbá Ronú. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́: ẹnu ọ̀nà ni wọ́n tì, torí pé ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Ká ní ìjọba ló ń bọ́ ọ ni, wọn ì bá kàn dá owó dúró, ariwo kò sì ní sọ. Síbẹ̀, ó tún gbé eré mìíràn, Òtítọ́ Korò, jáde lẹ́yìn òfin náà.

Àtakò tó wúwo jù ni pé èrò ìwòran náà jẹ́ ọ̀gá, pé ẹ̀rín nìkan ni wọ́n ń wá, àti pé owó àjọ ńlá ló ń bí iṣẹ́ tó jinlẹ̀. Owó àjọ Rockefeller wà lára ohun tó mú kí Kọ́lá Ògúnmọ́lá, òṣèré arìnrìn-àjò bíi Ògúndé, ráyè jókòó ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1962, eré Ọ̀mùtí tó ti ibẹ̀ jáde sì dára púpọ̀. Mi ò kọ irú owó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù mélòó kan ni, ó sì parí. Ojú ọ̀nà ni Ògúnmọ́lá padà sí. Ní ti èrò ìwòran, ẹ rántí eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá gbé kiri: ìtàn Ìyálóde olówó tó ń pa ẹrú tó bá lóyún. Kò sí eré tó fojú agbára hàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, èrò sì ya lọ wò ó, wọ́n sanwó.

Ohun kan wà tí mi ò lè fò. Ògúndé fẹ́ àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ kí wọ́n má baà fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, iṣẹ́ ìyàwó ilé sì di apá kan owó tó gbé eré náà ró. Àwọn obìnrin yẹn náà fowó sí òmìnira tí à ń yìn yìí, ó sì yẹ kí ẹni tó bá ń kọ ìtàn rẹ̀ dárúkọ wọn.

Nítorí náà, bí àwọn ọ̀dọ́ òṣèré bá wá sí àdúgbò yín lọ́la pẹ̀lú eré kúkúrú lórí àwọn ọmọ ẹni ńlá, tí wọn ò ní alátìlẹ́yìn kankan, ẹ má wulẹ̀ gbàdúrà fún wọn. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì mú aládùúgbò yín dání.